Ẹja Tí Wọ́n Ń Ṣà Sílẹ̀ De Àlejò

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Hamidat ti ń kúrò nílé rẹ̀ ní Basin ní gbogbo àárọ̀ Àlàmísì, tó ń lọ sí etí adágún kan lẹ́yìn ìlú Ìlọrin, láti wọn ẹja táwọn apẹja bá kó dé èbúté. Báwo ló ṣe gùn tó? Báwo ló ṣe wúwo tó? Ṣé ẹyin wà níkùn rẹ̀? Ohun tó bá kọ sílẹ̀ ni ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ẹja, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, fi ń ṣírò iye ẹja tí yóò wà nínú omi lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ìṣirò bá ní ẹja ń dín, wọn á ti omi pa, kí ẹnikẹ́ni má pẹja, fún oṣù méjì níbẹ̀rẹ̀ òjò, nígbà tí ẹja epìyà ń yé ẹyin. Lọ́dún yìí, ìṣirò ní ẹja pọ̀ lọ bí eṣú, wọ́n ní kò sídìí láti ti omi pa.

Nítorí ìsọmọlórúkọ kan tí yóò wáyé ní Gàmbàrí ní Àlàmísì, ọjọ́ Àtàláátà ló lọ lọ́sẹ̀ yẹn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ ohun tó bá níbẹ̀! Bàsíà mẹ́fà kún fún ẹja, kò sí èyí tó gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

“Bàbá Àbdùlgàfárù, kí lèyí?”

Ojú ti olórí àwọn apẹja. “Ẹ má bínú, Alhaja. Ẹ ò sọ pé ẹ̀ ń bọ̀. À bá ti kó ìwọ̀nyí pamọ́.”

“Ṣé ẹ ti máa ń kó wọn pamọ́ tẹ́lẹ̀ ni?”

“Àlejò lẹ jẹ́. Ṣé ẹja bí ìka ọwọ́ la ó gbé ka iwájú àlejò? Àwọn ńlá la máa ń ṣà sílẹ̀ dè yín.”

Òótọ́ ni pé ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ṣùgbọ́n irú gbèsè wo nìyí? Orí Hamidat gbóná. Ó bínú sí Bàbá, ó bínú sí ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọdún mọ́kànlá ló fi ń gbé ìyá ẹja lé ìwọ̀n, tí kò béèrè ọmọ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó mú ìṣirò ní ẹja pọ̀ nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ńlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú omi.

Ó gba ọ́fíìsì lọ tààrà, ó ní kí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, kí wọ́n sì ti omi pa. Naeem, ọ̀gá rẹ̀ tí òun Hamidat tó bí lọ́mọ, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. “Mà, ìwé ti kúrò lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.”

“Lọ́dún tó ń bọ̀? Kí lẹ ó kà nígbà náà? Òkúta?” Gbogbo ọ́fíìsì gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Mà, ẹ̀yin náà lẹ kọ nọ́ńbà yẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní Jímọ̀. Lọ́jọ́ kejì Hamidat padà sí èbúté, ó sì la gbogbo rẹ̀ yé àwọn apẹja, kò fi ọ̀kan pe méjì. 

“A ó kó àwọ̀n wa kúrò lómi fún oṣù méjì,” ni Bàbá wí. Ó wá nawọ́ sí òdìkejì, níbi tí ọkọ̀ ojú omi bí ogún ti ń da àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́, àwọn tí ẹnì kankan ò rí níbẹ̀ rí. “Àwọn wọ̀nyẹn ńkọ́? Wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé ẹja pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìwé yín ló pè wọ́n wá, Alhaja.”

Inú ń bí Hamidat débi pé ó ń ṣe é bíi kó gbá ẹnì kan létí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tí ìgbátí náà tọ́ sí ju òun fúnra rẹ̀ lọ.