Yàrá Méjì Tí Toyyibat Ń Wá Lẹ́bàá Yunifásítì

Bíríkìlà náà ò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó wọlé pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wọn ògiri láti igun kan dé ìkejì, ó sì ké iye rẹ̀ sí ọkùnrin tó dúró ní páséèjì. Òwúrọ̀ Sátidé ni. Toyyibat ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń wọ̀n nínú yàrá mi?"

Ẹni tó wà ní páséèjì ló dá a lóhùn. Lawrence ni, ọmọ onílé tó kú lọ́dún tó kọjá.

"Ẹ má bínú, Ìyá Fàrúkù. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì la fẹ́ ṣe síbi tí bẹ́ẹ̀dì yín wà yẹn. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló máa ní tiẹ̀."

Bí Toyyibat ṣe gbọ́ pé òun gbọ́dọ̀ kó kúrò nílé nìyẹn. Ìwé tó fún un lóṣù mẹ́fà dé lọ́jọ́ kẹta.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò nínú ilé yẹn, ní Odò Ọjà, nílùú Ìkẹ́rẹ́. Yàrá iwájú tó kọjú sí títì ló fi ń ránṣọ. Yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sùn. Ibẹ̀ ló ti tọ́ Fàrúkù ọmọ rẹ̀ kó tó lọ sílé-ẹ̀kọ́ ní Ìláwẹ̀. Rasheed ọkọ rẹ̀ ń ṣe oko kòkó ní Ìgbàrà-Odò. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé, á sì padà ní Mọ́ńdè. Lójú ẹlòmíì, ilé náà ò já mọ́ nǹkan: yàrá mẹ́jọ tó kọjú síra, kànga kan, balùwẹ̀ kan tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò. Ṣùgbọ́n ó bá Toyyibat lára mu.

Látìgbà tí yunifásítì ti dé sílùú ni àwọn ilé àdúgbò ti ń yí padà níkọ̀ọ̀kan. Ilé oníyàrá mẹ́jọ á di oníyàrá mẹ́rìnlá. Iwájú á di ibi tí wọ́n ti ń gẹrun, ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ibi POS. Ẹ̀yìn á di ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Toyyibat náà ń jẹ níbẹ̀, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé aṣọ wá fún un jù. Kò mọ̀ pé àwọn náà ni wọ́n máa gba yàrá mọ́ òun lọ́wọ́.

Ó wá èjẹ́ńtì kan tó ń jẹ́ Yínká, ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú àpò rẹ̀ ni gbogbo ilé Ìkẹ́rẹ́ wà. Toyyibat ṣàlàyé fún un pé yàrá méjì lòun ń wá, ọ̀kan tí òun á máa sùn, ọ̀kan tó kọjú sí títì.

"Kò le, Ìyá," ni Yínká wí.

Ilé tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ lọ wò, nítòsí géètì yunifásítì. Ẹni tó ń bójú tó o wo Toyyibat láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìyá, ọdún kelòó lẹ wà nílé-ẹ̀kọ́?"

Toyyibat rò pé ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà. Ó ní ẹni tó bá ní ọkọ àti ọmọ kì í kó kúrò bọ̀rọ̀, àti pé omi tí ìdílé kan ń lò lọ́jọ́ kan á tó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta.

Ìkejì wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wẹ́dà wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ ìlọta wà lápá òsì. Bí wọ́n ṣe ń lọ ata, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà rẹ̀, èéfín sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Síbẹ̀ Toyyibat ní òun á gbà á. Onílé bá ní kò gbọdọ̀ ránṣọ lókè. Tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kó lọ gba ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù sì ti kún.

Ìkẹta wà lẹ́yìn òkè Olóṣùnta, ilé tí wọn ò tíì rẹ́ ògiri rẹ̀. Yàrá fẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, onílé ò sì ní wàhálà. Ṣùgbọ́n látìgbà tí wọ́n ti débẹ̀ títí wọ́n fi kúrò, ewúrẹ́ méjì péré ló kọjá lójú ọ̀nà.

"Yínká, ta ló máa gbé aṣọ wá bá mi níbí?"

"Ìyá, ẹ ní ilé lẹ ń wá."

"Ilé àti ibi iṣẹ́ ni mo ní mò ń wá! Àbí o ò gbọ́ ni?"

Nígbà tí Rasheed dé ní Jímọ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. "Ulé bàbá mi wà ní Ìgbàrà-Odò, kò séni nínú rẹ̀," ló wí. "Jẹ́ ká máa lọ."

"Ta ni màá máa ránṣọ fún níbẹ̀? Igi kòkó?"

Rasheed jẹun, ó fọwọ́, ó lọ jókòó síta. Inú túbọ̀ bí Toyyibat, nítorí ó mọ̀ pé ọkọ òun ò sọ ohun tó burú.

Aládùúgbò kan gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ bá Màmá Bámigbóyè, àbúrò onílé tó kú. Òun làgbà ìdílé. Arúgbó náà gbọ́ ọ̀rọ̀, ó fọwọ́ lu itan.

"Lawrence? Ṣé ulé tirẹ̀ nìkan ni? Ulé gbogbo wa ni! Kò bi mí léèrè. Lọ jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ mi, kò séni tó máa lé ọ."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọkàn Toyyibat fi balẹ̀. Ó tiẹ̀ sọ fún Yínká pé kó sinmi ná. Lọ́jọ́ tí ìdílé ṣèpàdé, ó lọ dúró síta láti gbọ́ àbájáde. Màmá Bámigbóyè jáde, kò wo ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, Lawrence ti ṣàlàyé. Owó yàrá mẹ́rin ló máa jẹ́ tèmi níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mi ò lè lọ oko mọ́."

Toyyibat ò lè bú arúgbó. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì rìn lọ sílé.

Ó ṣì ku oṣù kan nínú mẹ́fà tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí páànù ẹ̀yìn ilé. Àwọn ayálégbé yòókù ti lọ. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, òjò dé kí wọ́n tó ta tapólì bò ó. Omi gba òkè àjà wọ yàrá iwájú, ó sì dà sórí léèsì funfun tí Olúfúnkẹ́, olùkọ́ kan ní yunifásítì, fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní Sátidé. Aró àdìrẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ léèsì náà ti ṣí sí i lára.

Toyyibat gbé e bẹ́ẹ̀ bí omi ṣe ń kán lára rẹ̀, ó lọ bá Lawrence láàárín àwọn òṣìṣẹ́.

"Oṣù mélòó lo kọ sínú ìwé?"

"Ìyá, ẹ̀yìn nìkan ni mo ní kí wọ́n ṣí..."

"Ṣé omi mọ ẹ̀yìn yàtọ̀ sí iwájú ni?" Ó ju léèsì náà lù ú láyà. "Gbà! Ìwọ lọ ṣàlàyé fún ẹni tó ni ín."

Lawrence lọ bá Olúfúnkẹ́ lóòótọ́, ó sì ra léèsì mìíràn. Toyyibat fi gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ rán an, kò tiẹ̀ dìde kí Rasheed nígbà tó dé.

Bóyá ìtìjú ọjọ́ yẹn ló mú kí Lawrence wá bá a lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ní òun á kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin síwájú ilé, òun á sì fún un ní ọ̀kan kí òun tó fún ẹnikẹ́ni. "Ṣùgbọ́n kò sí sísùn níbẹ̀ o, Ìyá."

"Yàrá ńkọ́?"

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba gbogbo ẹ̀ tán." Wọn ò sì tíì fi ilẹ̀kùn síbẹ̀ rárá.

Toyyibat gba ṣọ́ọ̀bù náà. Kò dúpẹ́.

Báyìí, ẹ̀yìn Olóṣùnta, nínú ilé tí Yínká fi hàn án yẹn, ló ń gbé, Odò Ọjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kadà lọ, ọ̀kadà bọ̀. Bí òjò bá rọ̀, ọlọ́kadà á já a sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà tó dáa parí sí, Toyyibat á sì fẹsẹ̀ rin ìyókù, aṣọ kọ́sítọ́mà nínú ọ̀rá lórí. Iṣẹ́ ò dín kù. Ó tiẹ̀ pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń wá ní ṣọ́ọ̀bù, ilé ló máa wà. Èyí tó bá ń wá nílé, ó ti gbàgbé rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé ulé yìí dáa báyìí?" ni Rasheed bi í ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan.

"Ilé dáa."

"Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Ṣọ́ọ̀bù náà dáa. Àárín wọn ni kò dáa."

Ó ń gán etí aṣọ kan lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ó wá sísọ́ọ̀sì lábẹ́ ìrọ̀rí, ó wá a nínú báàgì, kò rí i. Ó pòṣé, ó sì feyín já òwú náà.