Owó Ṣọ́ọ̀kù Jíìpù Mummy Démiládé

Àtàndá kò lè jókòó sójú kan. Bí ẹ bá fún un ní àga, ẹ̀gbẹ́ ìdí kan ló máa fi jókòó, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á sì máa gbọ̀n bí ẹni tó ń wá bíréèkì. A ti jọ ń gbé ilé kan náà ní Ìkòsí láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, mo sì ti sọ ọ́ títí pé kó yéé mi àga fún mi. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, dírẹ́bà ni, kò sì sí ariwo mìíràn tó ń wọ̀ ọ́ létí ju ti ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ á kọjá ní títì, á ní béárìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn ti ń lọ. Ta ló bi í?

Jíìpù tó ń wà kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ọkọ̀ àdúgbò wa. Dúdú ni, ó ń dán, kò sì lo sípíríǹgì bíi ti àwọn yòókù. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú ṣọ́ọ̀kù rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣáná sí i, á rọra gbéra sókè bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ẹní. Ọ̀gá rẹ̀ ní Mende, Daddy Démiládé, ló rà á, ó sì lé lọ́dún mẹ́wàá tí Àtàndá fi wakọ̀ fún un. Nígbà tí bàbá náà kú, ìyàwó rẹ̀ ló jogún ọkọ̀, ó sì jogún dírẹ́bà mọ́ ọn.

Ìwà wọn kò jọra rárá. Daddy Démiládé kì í ná nǹkan. Bí Àtàndá bá ti lè ní iye báyìí ni táyà, iye yẹn ló máa san. Mummy Démiládé ní tiẹ̀ ń ta léèsì ní Ìdúmọ̀tà, kò sì sí iye tí ẹ máa dá lé nǹkan tí kò ní bu ìdajì rẹ̀ kúrò. Kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Àtàndá sọ iye tí wọ́n ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gan-an fún un. Obìnrin náà san ìdajì, ó kọ̀ jálẹ̀, dírẹ́bà ló fi owó ara rẹ̀ dí i. Láti ọjọ́ náà ni Àtàndá ti gbọ́n. Á kọ́kọ́ bu owó lé e, Mummy á ná an wálẹ̀, wọ́n á sì pàdé níbi tí òótọ́ wà. Kò sí kọ́bọ̀ tó ń wọ àpò rẹ̀ níbẹ̀. Ní tèmi o, n kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń rajà ní Mile 12 nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Àtàndá dé Mende, ó bá jíìpù tó ti tẹ̀ síwájú, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ó ṣáná sí i. Ẹ̀yìn gbéra, iwájú kò mì. Ó rọra wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ Ọlábámijí, mẹkáníìkì wọn lẹ́bàá Ojota. Ọlábámijí wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ń nu ọwọ́.

"Ọ̀gá Àtàndá, ṣọ́ọ̀kù iwájú méjèèjì ti lọ. Rọ́bà tó ń gba afẹ́fẹ́ ti bẹ́."

"Èló ni?"

"Bẹ́ljíọ̀m tó clean, nine hundred fún méjèèjì. Brand new, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Àbí ká kúkú yọ afẹ́fẹ́ yẹn dànù, ká fi spring sí i? Ìyẹn ò wọ́n."

"Kó wá máa gbọ̀n bíi lọ́rì oníyanrìn? Rárá o. Bí Daddy bá wà láyé, wọn ò ní gbà."

Bẹ́ljíọ̀m tí wọ́n ń wí yìí, àlòkù ni o, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ní òkè òkun. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún náírà fún àlòkù ṣọ́ọ̀kù méjì! Owó ilé wa ọdún méjì kò tó bẹ́ẹ̀. Inú bí mi bíi pé èmi ni wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Àtàndá ṣírò tiẹ̀ lọ́nà. Mummy á bu ìdajì. Nítorí náà, kó dárúkọ ìlọ́po méjì. Ó bá Mummy ní pálọ̀, obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àpótí, kò tan tẹlifíṣọ̀n.

"Mummy, ṣọ́ọ̀kù iwájú ni. One point eight million ni wọ́n ń pè é."

Ó dúró kó gbọ́ ìdajì. Obìnrin náà béèrè nǹkan mìíràn.

"Ṣé ó máa dáa bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?"

"Ó máa dáa, Mummy."

Ó mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Owó náà wọlé sí àkáǹtì Àtàndá lódidi, níbi tó dúró sí. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ẹ ò ná an ni, Mummy?"

"Ó ti rẹ̀ mí, Àtàndá. Gbogbo ẹni tí mo bá ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ni mò ń ṣọ́. Daddy máa ń sọ pé ẹ̀yin nìkan ni àwọn kì í bá ná ọjà, pé ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ, òun náà ni. Èmi náà fẹ́ fọkàn balẹ̀ síbì kan."

Wọ́n ra ṣọ́ọ̀kù náà, Ọlábámijí sì dè é. Ìdajì tó ṣẹ́ kù nínú owó náà wà ní àkáǹtì Àtàndá, ó sì ń yún un. Á jáde lọ sí Kétu, á padà láìra nǹkan kan. Ó kó gọ́tà iwájú ilé tí kò kún. Ó ń fọ ìkòkò tí Bàrákátù ìyàwó rẹ̀ ti fọ̀.

"Kí ni ẹ̀bi yín níbẹ̀?" Bàrákátù bi í nídìí oúnjẹ. "Mummy náà ni wọ́n fọwọ́ ara wọn fún yín."

Ó dìde kúrò nídìí oúnjẹ náà. Èmi ní tèmi sọ fún un pé kó dá owó náà padà, kó ní owó ọjà ti wálẹ̀.

"Ọjà wo lo rí tó wálẹ̀ rí ní Nàìjíríà?"

Kì í ṣe iṣẹ́ ló ń bẹ̀rù pé á bọ́. Dírẹ́bà tó mọ̀ ọ́n wà kì í pẹ́ ríṣẹ́. Orúkọ tó ní lọ́dọ̀ òkú yẹn ni kò fẹ́ kó bàjẹ́. Bí ó bá sọ òtítọ́, ṣé obìnrin náà kò ní máa fura sí gbogbo owó tí ọkọ rẹ̀ ti san láti ọjọ́ yìí wá? Bí kò bá sì sọ ọ́, báwo ló ṣe máa gbé orúkọ náà rìn?

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé jíìpù lọ sí Mende. Ó gbé àwọn ṣọ́ọ̀kù tó bàjẹ́ sílẹ̀ lórí páálí kí olówó ọkọ̀ lè rí wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, kó má bàa rò pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀.

"Mummy, nine hundred ni mo rà á. Mo fẹ́ fi èyí tó kù ránṣẹ́ padà."

"Ọjà wálẹ̀ ni?"

Ọ̀nà là gbayawu níwájú rẹ̀, obìnrin náà ló sì là á fún un. Àtàndá kò gbà á.

"Kò wálẹ̀, Mummy. Èmi ni mo bu owó lé e, torí pé ẹ máa ń san ìdajì."

"Gbogbo ìgbà lẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ìgbà. Àmọ́ iye tí wọ́n ń tà á gan-an la máa ń parí sí. Mi ò jẹ kọ́bọ̀ níbẹ̀."

"Nígbà ayé Daddy ńkọ́?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò bu owó lé nǹkan kan fún Daddy rí."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó yẹ àwọn ṣọ́ọ̀kù orí páálí wò. Kò bínú. Àtàndá sọ fún mi pé ì bá ti tẹ́ òun lọ́rùn kó bínú.

"Mo gbọ́, Àtàndá," ó ní. "Àmọ́ Daddy ò sí mọ́. Ta ni kí n bi?"

Àtàndá mú fóònù jáde. Obìnrin náà ní kó fi owó náà ránṣẹ́, kó sì tètè dé lọ́la, nítorí àwọn ń lọ Ìdúmọ̀tà.