Ọ̀sán Tí Mo Kọ́ Kẹndámà

Lánàá, nínú bọ́ọ̀sì ní Peckham ní London, mo gbọ́ ìró kẹndámà, ohun ìṣeré àwọn ará Japan, lẹ́yìn mi: bọ́ọ̀lù onígi tí wọ́n fi okùn so ń kan ife onígi, kó, kó. Ó rán mi létí ọ̀sán tí mo kọ́ ọ.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún Mummy ní ọsibítù ní Lewisham. Daddy, tí wọn kì í bá mi ṣeré, dúró tì mí nínú pálọ̀ láti kọ́ mi ní kẹndámà, wọ́n gbé fóònù wọn sórí tábìlì.

“Tẹ orúnkún ẹ díẹ̀. Fa okùn yẹn sókè jẹ́jẹ́, kí o fi ife gba bọ́ọ̀lù.”

Bọ́ọ̀lù já bọ́. Ó tún já bọ́.

“Daddy, I can't do it.”

“O máa ṣe é. Again!”

Òógùn bo ojú wọn, ohùn wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé wọ́n ń bínú sí mi ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé dókítà ti sọ fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà pé Mummy lè má jí mọ́.

Bọ́ọ̀lù bọ́ sínú ife, ó sì dúró. Kí n tó pariwo, fóònù dún. Daddy kàn ń wò ó, wọn ò lè gbé e. Èmi ni mo gbé e.

Nọ́ọ̀sì kan ní kí n dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Mummy, ó rẹlẹ̀ gan-an:

“Ṣé Daddy ẹ ti fún ẹ lóúnjẹ?”