Ẹyẹ Apẹja Tí Mo Yà Lórí Àtè

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tí mi ò sọ fún ọkọ mi pàápàá rí. Ẹ máa bú mi, mo mọ̀. Ẹ ṣáà gbọ́ ọ tán.

Láwọn ọdún 1980, mo ń kọ́ṣẹ́ àwòrán yíyà n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ kan, àwòrán ẹyẹ kan ṣoṣo ló kù mí kù: watercolour, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, níta gbangba, níwájú ẹyẹ gan-an. Bí mi ò bá rí i yà, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn o!

Mo ti rí ẹyẹ apẹja kékeré kan létí odò lọ́nà Odògbolù. Ẹ̀yìn rẹ̀ bí aṣọ aró, àyà rẹ̀ pọ́n bí osùn. Orí ẹ̀ka kan náà ló máa ń bà lé. Ṣùgbọ́n kí n tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, ó ti fò lọ! Àárọ̀ mẹ́rin gbáko!

Bàbá Múrí, tó ń dáko létí odò náà, rí mi níbi tí mo ti ń fi ìbínú fa bébà ya. Àánú mi ṣe wọ́n. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́la.

Mo dé lọ́jọ́ kejì, ẹyẹ mi jókòó! Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé Bàbá ti fi àtè pa ẹ̀ka yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ pinpin. Ó ju apá, apá náà lẹ̀.

"Ọmọ mi, ó ti dúró dè ọ́ báyìí," ni Bàbá wí. Wọ́n ní epo pupa ló ń bọ́ àtè, àwọn sì ti gbé e wá. Ṣé kí àwọn tú u?

Kí lẹ rò pé mo sọ? Mo ní ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ jẹ́ n yà á tán!

Watercolour ò gba ìkánjú: àwọ̀ kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gorí ẹ̀. Òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, nǹkan ò gbẹ bọ̀rọ̀. Mo ń fi ẹnu fẹ́ bébà, ẹyẹ ń ké. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá tún bi mí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní ó ku díẹ̀.

Nígbà tó yá, wọn ò bi mí mọ́. Wọ́n da epo sọ́wọ́, wọ́n bọ́ ọ kúrò. Ọrùn rẹ̀ ti rọ̀, ó ti kú. Wọ́n bi mí pé ṣé mo ti yà á tán. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Mo pàsì o! Olùkọ́ mi yin ojú ẹyẹ náà, ó ní ó dà bíi pé ó ń wo ẹnì kan.

Èmi ló ń wò.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́? Kò dìgbà téèyàn bá ń bínú kó tó ṣìkà. Inú mi ń dùn lọ́jọ́ náà! Ẹ̀yin náà, ẹ má tijú, ẹ sọ tiyín: ta lẹ fi sílẹ̀ lórí àtè, tẹ́ ẹ ní ó ku díẹ̀?