Ọ̀ṣẹ́nì Ahunṣọ àti Ohùn tí Rédíò Kò Ní

Bí ẹ bá dé Ìsẹ́yìn, tí ẹ béèrè Ọ̀ṣẹ́nì ahunṣọ, wọ́n á bi yín pé èwo nínú wọn, nítorí àwọn Ọ̀ṣẹ́nì tó ń hun òfì níbẹ̀ kò níye. Ẹ sọ pé Ọ̀ṣẹ́nì Olórin. Kò mọ orin ín kọ o. Bó bá la ohùn, ewúrẹ́ tó sùn jẹ́ẹ́ á dìde. Orúkọ yẹn mọ́ ọn lára nítorí pé kò sí orin tí ẹnikẹ́ni ń kọ láti Ṣakí títí dé Ìgànná tí kì í wá lọ.

Èmi Gbọ́láhàn ni mò ń sọ̀rọ̀. Òfì mi àti tirẹ̀ jọ wà lábẹ́ àtíbàbà kan náà ni, ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, rédíò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa. Ahunṣọ tí kò bá ní ohun tó ń dún sí i létí, oorun á gbé e lọ sórí òwú. Mo gbé rédíò mi kọ́ òpó, mo sì yí i síbi tí gbogbo ayé ń yí i sí. Orin mẹ́fà péré ni wọ́n ní. Bí wọ́n bá ti fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i tán, wọ́n á polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní. Ní ọjọ́ kẹta, Ọ̀ṣẹ́nì dìde, ó pa rédíò náà.

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó ní, "Gbọ́láhàn, ṣé o ò mọ̀ pé ohun tó bá wu àwọn tó jókòó sí ilé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń bù fún ọ?"

Inú bí mi gan-an. Ta ló fún un láṣẹ láti fọwọ́ kan rédíò mi? Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ti yọ mẹ́mọ́rì kékeré kan láti inú àpò rẹ̀, ó tì í bọ sípíkà tó so mọ́ ẹsẹ̀ òfì. Ohùn obìnrin kan jáde, ìró àfọ́kù igbá tó fi ń yan gàrí nínú agbada sì ń bá a lọ. Ara rẹ̀ ló ń kọrin fún, ó ń kọ ọ́ nípa ọkọ tó lọ sóko tí kò rántí ọ̀nà ilé mọ́. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo jókòó, mo ní kó tún un fi sí i.

Bí Ọ̀ṣẹ́nì ṣe ń rí àwọn orin rẹ̀ kì í ṣe àṣírí. Ẹnu ló ń lò. Oníbàárà tó bá wá gba aṣọ, kó tó ká aṣọ náà fún un, á bi í pé, "Orin wo ni wọ́n ń kọ nílé yín tí rédíò ò gbọ́ rí?" Àwọn kan rò pé orí rẹ̀ ti yí. Ẹni tó bá ní orin lórí fóònù, á gbà á sórí tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, á bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́, á sì gbé fóònù sí i lẹ́nu. Ó máa ń lọ dúró láàrin àwọn tó ń kó ọjà ti òkè odò wá sí Ṣakí. Níbẹ̀ ló ti rí orin Bàrùbá tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, tó sì ń kùn káàkiri. Ó ń bá àwọn ọlọ́kadà jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù, nítorí ọlọ́kadà kan lè gbé èrò lọ síbi ìgbéyàwó mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Ní ibi wólímà, bí àwa bá ń jẹun, ẹ̀gbẹ́ àwọn ìyá arúgbó tó ń kọ wákà ni ẹ ó ti rí i. Ó tún dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí wásáàpù, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi orin tí wọ́n fi ń kọ ebè ránṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Àgọ́-Àrẹ ṣèèṣì fi ìjà òun àti ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì tọ́jú ìyẹn náà, ó ní ohùn ìyàwó yẹn dùn.

Nígbà tó yá, gbogbo abẹ́ àtíbàbà wa ló ń gbọ́ orin Ọ̀ṣẹ́nì. Rédíò mi di ibi tí aláǹtakùn ń gbé. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo ń kíyè sí. Bí ó bá ti gba orin ẹnìkan tán, tí ó dúpẹ́, á tún béèrè ọ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀: "Rárà ìyàwó ńkọ́? Ti Ìgànná, ti àtijọ́?" Wọ́n á ní kò sí. Á rẹ́rìn-ín bí ẹni pé kò kan òun, á sì padà sídìí òfì rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí a ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, mo bi í. Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi rárà ìyàwó ṣe? Ṣé ìwọ lo fẹ́ lọ sílé ọkọ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá mi ni."

Àwáwù ni orúkọ ìyá rẹ̀, ọmọ Ìgànná. Oṣù mẹ́jọ ni Ọ̀ṣẹ́nì wà nígbà tí obìnrin náà kú. Láyé ìgbà yẹn, lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, á máa ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn, á máa sun rárà, á máa fi dágbére fún bàbá àti ìyá rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa gbè é. Mùyìbátù, àbúrò Àwáwù, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Kẹ́hìndé, ló sọ fún Ọ̀ṣẹ́nì nígbà tó di ọmọ ọdún méjìlélógún pé tíṣà kan tó ní rẹ́kọ́dà wà ní Ìgànná lọ́dún tí Àwáwù ń lọ sílé ọkọ, pé ó ń tẹ̀ lé àwọn ìyàwó káàkiri, ó sì gba ohùn Àwáwù sílẹ̀. Ìjọba gbé tíṣà náà lọ sí ibòmíràn lẹ́yìn náà. Ìyá Kẹ́hìndé ti gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Ọ̀ṣẹ́nì ní, "Fọ́tò wọn wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ ojú wọn. Ohùn wọn ni mi ò mọ̀. Ìwọ, bí màmá rẹ bá tiẹ̀ ń bú ọ, o mọ̀ pé màmá rẹ ni. Bí temi bá pè mí lójú àlá, mi ò lè mọ̀ pé àwọn ni." Ó ní orin kì í jókòó sójú kan, pé bí òun bá ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ọjọ́ kan á dé ọ̀dọ̀ òun. Ogún ọdún ló fi béèrè bẹ́ẹ̀. Gbogbo orin tí à ń gbádùn lábẹ́ àtíbàbà yẹn, ohun tó rí he lójú ọ̀nà ni.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà ọyẹ́, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mọ́ládé ti Okaka wá gba aṣọ. Ọ̀ṣẹ́nì béèrè ìbéèrè rẹ̀. Obìnrin náà ronú díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá ọkọ mi ní páálí kásẹ́ẹ̀tì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn gba ohùn àwọn ìyàwó sílẹ̀ nígbà tí àwọn ń kọ́ni ní Ìgànná."

Ọ̀kọ̀ tó fi ń ju òwú bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀ṣẹ́nì, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó ní kó tún un sọ. Obìnrin náà tún un sọ. Ọ̀ṣẹ́nì wò mí. N kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ rí, àfi ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bí Àlímótù, àkọ́bí wọn tó ti di ọmọge báyìí.

Ní ọjọ́ kejì, a yá rẹ́kọ́dà télọ̀ kan, a wọ mọ́tò, ó di Okaka. Bùbá funfun ni Ọ̀ṣẹ́nì wọ̀, ó tún fi tùràrè sára. Mo ní kó ṣe jẹ́jẹ́, pé kásẹ́ẹ̀tì kò ní imú. Ó ní kí n panu mọ́. Rẹ́kọ́dà náà wà lórí itan rẹ̀ títí a fi dé, kò jẹ́ kí n bá a gbé e.

Àlàájì Ràmọ́nì ni orúkọ bàbá náà. A dọ̀bálẹ̀, Ọ̀ṣẹ́nì sì ṣàlàyé ara rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ débì kan, bàbá ti ń mi orí.

"Àwáwù! Èyí tó pupa, tó rí gbọọrọ? Ó máa ń pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín láàrin ẹkún. Mo gbà á sílẹ̀. Gbogbo ojú kan kásẹ́ẹ̀tì àti ìkejì."

Ó ní kí Mọ́ládé fa páálí náà jáde. Bàbá gbé awò wọ̀, ó ń mú kásẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó débi ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ń wò ó. Mo na ọrùn. Wọ́n ti fi bírò fa igi lé "Ìyàwó Ìgànná" lórí, wọ́n sì kọ "Tàfúsírì" sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo kásẹ́ẹ̀tì rí, ẹ mọ̀ pé bí a bá fẹ́ tọ́jú ohùn tó wà nínú rẹ̀, a máa ń ṣẹ́ ike kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, kí ẹnikẹ́ni má lè gba nǹkan mìíràn lé e. Tíṣà ti ṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ká bébà, ó fi dí ihò náà kí ó lè gba nǹkan mìíràn lé e. Bébà náà ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá ní, "Èmi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé ni. Ààwẹ̀ ni, kásẹ́ẹ̀tì wọ́n, mo sì fẹ́ tọ́jú wáàsí tàfúsírì ààfáà wa. Mo rò pé ti ayé lásán ni orin ìyàwó." Ó yọ awò rẹ̀, ó ń nu ojú. "Ọmọ mi, èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa á."

Inú bí mi sí arúgbó náà, n kò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ ti dé ahọ́n mi. Ọ̀ṣẹ́nì ló di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má sunkún. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

A fi sí i. Ààfáà ń ṣàlàyé zàká oko, bí a ṣe ń yọ ọ́ lára àgbàdo àti ọkà bàbà. A gbọ́ ojú kìíní látòkè délẹ̀. Mo mọ̀ nípa zàká àgbàdo báyìí ju bí mo ṣe mọ orúkọ àwọn àna mi lọ. Ọ̀ṣẹ́nì kò mira. A yí i padà, ààfáà tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ṣàdúà, àwọn ènìyàn ṣe àmín, ohùn rẹ̀ sì gé. Mo na ọwọ́ láti pa á.

Ọ̀ṣẹ́nì ní, "Fi sílẹ̀."

Kásẹ́ẹ̀tì ń hó ṣàà. Lẹ́yìn náà, lójijì, ariwo agbo èèyàn bú jáde, adìẹ ń ké, àwọn ọmọbìnrin ń gbe orin tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Wáàsí náà kò gùn tó láti bo ìparí rárà ìyàwó náà. Ohùn kan dá dúró láàrin wọn, ohùn tín-ín-rín, ó ti há díẹ̀. Ó wúkọ́. Ó wá rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ó ti tó jàre. Ọ̀fun mi ti gbẹ. Ẹ fún mi lómi mu."

Rẹ́kọ́dà dá dúró fúnra rẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn.

Bàbá ní, "Òun nìyẹn. Àwáwù nìyẹn."

Ọ̀ṣẹ́nì dá a padà, ó tún un gbọ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn, tàbí kó bínú pé rárà náà ti lọ, pé kìkì omi ni ìyá rẹ̀ béèrè. Ó kàn ń wo rẹ́kọ́dà náà, omijé sì ń bọ́ sára bùbá funfun rẹ̀, kò nù ún.

Ó ní, "Gbọ́láhàn, ọmọdé ni."

Mo ní, "Kí lo wí?"

"Ọmọdé ni. Kò tó Àlímótù. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, mi ò sì lè bu omi fún un."