Ọ̀gá Tó Ń Fi Kún Àkókò

Bí mo bá rí ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, ọ̀gá mi ní yunifásítì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè ni mo máa ń rántí. Òun ló kọ ètò tó ń yẹ páswọ́ọ̀dù wò kéèyàn tó wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa. Bí èèyàn bá pẹ́ jù, ètò náà á tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀gá ló ń yan iye àkókò tí yóò fi dúró, ó sì ń fi kún un ṣáá.

"Ọ̀gá, ṣé ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi bọ̀ láti Mákun-Omi lẹ̀ ń dúró dè ni?"

"Àbúrò, àwọn àgbà olùkọ́ ni mò ń rò. Ọwọ́ wọn ò yá."

Lọ́jọ́ kan mo wọ yàrá rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fi tòsì dì í mú. Kó tó tẹ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ tán, ètò tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

"Ẹ jẹ́ ká tún fi kún un, sà."

"Rárá o. Bó bá ju báyìí lọ, olè á ráyè wọlé."

Ó ní kí n bá òun gbé báàgì dé ìdí mọ́tò. Iṣẹ́ tá a jọ ṣe kẹ́yìn nìyẹn kó tó kú.