Àlàfo Tí Ìyàwó Mi Máa Ń Fi Sílẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi ń bẹ iṣu sórí ojú olóṣèlú kan. Àkókò ìbò ni. Ìwé ìpolongo tó ń dán ń kún àpótí lẹ́tà wa ní Cheverly, nílẹ̀ òyìnbó níbí, lójoojúmọ́, ti ẹgbẹ́ méjèèjì. Kì í jù wọ́n nù. Ó máa ń tẹ́ wọn sórí tábìlì ìdáná bó bá fẹ́ bẹ nǹkan, torí pé omi kì í tètè rin bébà náà.

"Dádì, ẹ wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín," ló wí, ó fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ọkùnrin tó wà lábẹ́ èèpo. "Àbí kò mọ̀ pé èèpo ti bo òun mọ́lẹ̀ ni?"

"Dìbò fún un, kó lè ríbi dìde."

"Èmi? Ẹni tó bá wá bá mi bẹ iṣu ni màá dìbò fún."

A jẹ iṣu náà. Ó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì dé ni. Kò jí mọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dúró. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Ìwé mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ní Beltsville ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ìgbé ayé àwa méjèèjì ní ilẹ̀ yìí, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bíró ni mo fi ń kọ ọ́. Ìyàwó mi ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Òfin kan ṣoṣo ló ní. Bó bá kan ibi tí mo ti purọ́, kò ní bá mi jà, kò sì ní tẹ̀ ẹ́. Yóò fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀, bí irọ́ náà ṣe gùn tó. Mo kọ ọ́ nígbà kan pé èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀. Ìlà mẹ́ta funfun ni mo bá níbẹ̀. Mo wá rántí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Hillcrest Heights ló kọ́ ọ, lẹ́yìn tí mo pariwo mọ́ ọn lójú títì títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo tún un kọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn atẹ̀wé fi ń dá ìwé náà padà fún wa. Ilé iṣẹ́ kékeré kan gbà á níkẹyìn, kí ìyàwó mi tó kú. Obìnrin Ìbàdàn kan tó ti pẹ́ níbí ni olóòtú tí wọ́n fún mi. Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, ó pè mí.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, sà. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Mo dúpẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú méjì sí i tó fi ní, "Ẹ má bínú o, sà. Àwọn ọ̀gá mi ní ìwé yìí lè jáde kí ìbò tó dé, tí ẹ bá lè fi orí kan kún un."

"Orí wo?"

"Ti Mọ́mì. Bí wọ́n ṣe ń sunkún, tí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìjọba lè lé wọn lọ."

"Ó ti di ọmọ ilẹ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sunkún. Iṣu ló ń bẹ lé àwọn olóṣèlú lórí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Sà, iṣu ò ní tà. Tí ẹ̀rù ò bá bà wọ́n, ẹ kọ ọ́ nígbà náà pé ẹgbẹ́ kejì ló ń bí wọn nínú. Èyíkéyìí ṣe é lò. Ó ṣáà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan."

"Tí mi ò bá kọ ọ́ ńkọ́?"

"Ó lè pẹ́ díẹ̀, sà."

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: wọn kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ó rí mi lára. Ohun tó tún wá rí mi lára jù ni pé mo kọ ọ́. Mo jókòó sídìí tábìlì ìdáná náà, mo kọ ojú ìwé mẹ́rin. Mo mú kí ó sunkún, mo mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n. Kò sí ibi tí mo kọ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìwé náà.

Ìwé ìpolongo kò dẹ́kun. Orúkọ ìyàwó mi ni wọ́n ṣì ń kọ sí i, pé ohùn rẹ̀ ṣe pàtàkì sí wọn. Ẹgbẹ́ kan ń lérí pé òun yóò gbà á lọ́wọ́ èkejì. Èkejì náà ń sọ bákan náà. Ibi tí mo ti dúró lẹ́nu àpótí lẹ́tà ni mo ti rí i pé iṣẹ́ kan náà ni èmi àti wọn ń ṣe. Òkú ni mo ń lé lọ síbi ìbò.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tan kọ̀ǹpútà ìyàwó mi. N kò tẹ ohunkóhun sórí rẹ̀ rí. Ìka kan ni mo fi ń wá lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ iṣu, mo tẹ ọ̀bẹ, mo tẹ ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ èèpo. Nígbà tí mo dé ibi ẹkún, mo gbọ́wọ́ kúrò lórí ọ̀rọ̀, mo sì ń tẹ bọ́tìnì tó ń sọ ìlà kalẹ̀ títí ojú ìwé mẹ́rin fi ṣófo. Lábẹ́ wọn, mo kọ ọ́ sí olóòtú pé kò sí orí mìíràn, pé kó dá ìwé náà padà fún mi bí èyí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn.

Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kan. Mo fi ránṣẹ́.